Wákàfù Kò Lè Gbé Gbèsè Mì: Ẹ̀tọ́ Olówó àti Ti Ará Ìta Lórí Dúkìá Tí A Fi Sílẹ̀ Nítorí Ọlọ́hun

  

Ẹ̀yin àgbà aáfà, ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ìbéèrè kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ àwa lémọ́ọ̀mù, tí a kì í sì í fẹ́ dáhùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ n gbé e kalẹ̀ báyìí. Ọkùnrin kan ní ilé méjì. Ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó gba ọjà àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò, ó tún yá nínú owó àjọ tí opó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Ọjà kò tà. Nígbà tó rí i pé àwọn olówó ti fẹ́ máa kan ilẹ̀kùn, ó pe aáfà mẹ́ta. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe àdúà, ó ní láti òní lọ ilé méjèèjì ti di wákàfù, ọ̀kan fún àwọn ọmọ òun, ọ̀kan fún mọ́sálásí àdúgbò. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí opó dé, wọ́n ní ilé ti di ti Ọlọ́hun, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí nínú Ṣàríà? (Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni mò ń pè ní olówó nínú ọ̀rọ̀ yìí o, kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Olówó mìíràn kò ní ju ohun tí a jẹ ẹ́ yẹn lọ láyé rẹ̀.)

Ká kọ́kọ́ wo ibi tí wákàfù ti ṣẹ̀. Nígbà tí Sayyidina Umar (R.A.) ní ilẹ̀ kan ní Khaibar, tí kò tíì ní dúkìá tó dára tó o rí, ó lọ bá Ànábì (S.A.W.) pé kí ni kí òun fi í ṣe. Ànábì tọ́ ọ sọ́nà pé, bó bá fẹ́, kó dá ilẹ̀ náà dúró, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Umar ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tà á, wọn kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, wọn kò gbọdọ̀ pín in lógún. Èrè rẹ̀ di ti tálákà, ti ìbátan, ti ẹrú tó ń wá òmìnira, ti àlejò àti ti arìnrìn-àjò. Ẹni tó ń mójú tó o lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀nba. Bukhari àti Muslim ló gba hadiisi yìí wá.

Nínú pé a kì í tà á yẹn ni onígbèsè ti rí odi tó fẹ́ sá sí. Ó rò pé, bí a kò bá lè tà á, a jẹ́ pé a kò lè tà á san gbèsè náà nìyẹn. Ohun tó gbójú fò ni pé ilẹ̀ Umar jẹ́ ti Umar pátápátá kó tó fi í sílẹ̀. Kò sí opó kankan tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ ni o lè fún Ọlọ́hun.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wa la mọ bí gbèsè ṣe wúwo tó nínú ẹ̀sìn wa. Bí wọ́n bá gbé òkú wá, Ànábì (S.A.W.) a máa bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè, bóyá ó sì fi ohun tí a ó fi san án sílẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní òkú jẹ dínárì 3, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní kí àwọn Sàhábà lọ kírun sí i lára, àfìgbà tí Abu Qatada (R.A.) gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ẹni tó kú sójú ogun ẹ̀sìn pàápàá, Muslim gbà á wá pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni a ó forí jì í, àfi gbèsè. Ẹ tún lọ wo Suratun Nisai, aayah 11, níbi tí Ọlọ́hun ti pín ogún. Ẹ̀yìn àsọọ́lẹ̀ àti gbèsè ni ogún wà. Aayah náà fi àsọọ́lẹ̀ ṣíwájú gbèsè nínú kíkà, ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ fẹnu kò pé gbèsè ni a ó kọ́kọ́ san, kí a tó ṣe àsọọ́lẹ̀. Ó dáa. Bí gbèsè bá ṣíwájú ogún tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pín fún àwọn ọmọ, báwo ni bàbá ṣe máa wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé wákàfù tí yóò gbé àwọn ọmọ kan náà ṣíwájú gbèsè?

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Zubair bin Awwam (R.A.), ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n ti fún ní ìró ayọ̀ Alijanna láti ayé. Àwọn èèyàn máa ń kó owó wá fún un pé kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Yóò ní rárá, òun kò gbà á ní àmáànà, kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ gbèsè lọ́rùn òun, nítorí òun ń bẹ̀rù kó má lọ sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Àmáànà tó bá ṣègbé láìsí àìbìkítà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, olóhun ló pàdánù, kò sí sísan. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀: iná jó o ni o, olè kó o ni o, àsan ni dandan. Zubair fi ẹrù náà sórí ara rẹ̀ kí ọkàn àwọn ará ìta lè balẹ̀. Onígbèsè tiwa ń wá bí ẹrù yóò ṣe bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa Zubair ní ọdún 36 Hijira, lọ́jọ́ ogun Jamal, Abdullah ọmọ rẹ̀ ṣírò gbèsè náà, ó jẹ́ 2,200,000. Bàbá kò fi dínárì tàbí dírhámù kankan sílẹ̀, bí kò ṣe ilẹ̀ àti ilé: ilẹ̀ Ghaba, ilé 11 ní Mẹdina, 2 ní Basra, 1 ní Kufa, 1 ní Misra. Ghaba tí bàbá rà ní 170,000, Abdullah tà á ní 1,600,000, ó sì san gbèsè tán. Àwọn ajogún ní ó yá, pín ogún wa fún wa. Ó ní kò tíì yá. Ọdún 4 gbáko ló fi ń kéde nígbà Hájì pé ẹni tí Zubair bá jẹ lówó kó máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó pín ogún. Ẹ ò rí i? Kò dúró kí àwọn olówó wá òun rí, òun ló ń wá wọn kiri.

Zubair kan náà yìí ṣe wákàfù o. Bukhari mẹ́nu bà á pé ó fi àwọn ilé rẹ̀ kan ṣe sàráà, tó sì ní ọmọbìnrin òun tí ọkọ bá kọ̀ lè máa gbé ibẹ̀, láìní ni ẹnikẹ́ni lára, kí ẹnikẹ́ni má sì ni í lára. Nítorí náà, a kò sọ pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kò lè ṣe wákàfù rárá. Ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn wákàfù Zubair tó san gbèsè rẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù fún àwọn ìyàwó àti ọmọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ti ọkùnrin ará Juhaina tó wà nínú Muwatta Imaamu Maliki yàtọ̀ sí èyí. Ọkùnrin náà máa ń ra ràkúnmí tó ń sáré, yóò rà á ní ọ̀wọ́n, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ ti Hájì dé, kí àwọn èèyàn máa royìn rẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, a mọ irú wọn.) Owó tán, gbèsè kù. Umar dìde láàárín ìjọ, ó ní kí gbogbo ẹni tí ọkùnrin náà jẹ lówó wá láàárọ̀, kí àwọn pín dúkìá rẹ̀ láàárín wọn. Ìkéde ìta gbangba nìyẹn, kí olówó ẹ̀yìn odi má baà dé kó bá ilẹ̀ òfìfo.

Wàyí o, kí ni àwọn onímímọ̀ wí nípa wákàfù onígbèsè gan-an? Ẹnu wọn kò kò. Imaamu Abu Hanifa ní adájọ́ kò lè dí ẹni tó bálágà, tó sì ní làákàyè, lọ́wọ́ lórí dúkìá rẹ̀ nítorí gbèsè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjèèjì, Abu Yusuf àti Muhammad, ní adájọ́ lè dí i lọ́wọ́ bí àwọn olówó bá bèèrè. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé lọ́dọ̀ àwọn Hanafi àtijọ́, onígbèsè tí adájọ́ kò bá tíì dí lọ́wọ́, wákàfù rẹ̀ múlẹ̀, kódà bó jẹ́ pé àtisá fún gbèsè ló ṣe é fún. Ilẹ̀kùn yìí ni àwọn onígbèsè gbà wọlé ní ilẹ̀ ọba Túrkì. Abu Su'ud, tó jẹ́ Sheikhul-Islam ní Istanbul láti 1545 títí tó fi kú ní 1574, ló tì í. Ó dá fátáwà, àṣẹ ọba sì tì í lẹ́yìn, pé kí àwọn adájọ́ má ṣe fi òǹtẹ̀ lu wákàfù onígbèsè ní ìwọ̀n ibi tí gbèsè rẹ̀ bá gbà nínú dúkìá rẹ̀. Ibn Abidin ará Damasku, tó kú ní 1836, mú un wọ inú ìwé rẹ̀, èyí tí àwọn Hanafi ń lò títí dòní.

Àwa tí a kàwé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Maliki ni à ń tọ̀, àwọn Maliki kò sì ṣí ilẹ̀kùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí gbèsè bá ti yí dúkìá rẹ̀ ká, ìyẹn ni pé bí a bá ta gbogbo ohun tó ní, gbèsè nìkan ni yóò gbé e lọ, kò láṣẹ láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kò láṣẹ láti fi ṣe wákàfù, àfi bí àwọn olówó bá yọ̀ǹda. Bó bá ṣe é, wọ́n lè pè é padà. Kò dìgbà tí adájọ́ bá kéde pé ó ti wọko gbèsè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, opó àti oníṣòwò ló ni ẹ̀tọ́ níbẹ̀ ṣíwájú mọ́sálásí. Bí ilé kan bá tó san gbogbo gbèsè, a jẹ́ pé ìkejì lè dúró ní wákàfù. Aáfà mẹ́ta tó sì mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀, tó jókòó tó ń ṣe àmín, èmi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wí.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn Maliki dì mú gan-an: kí dúkìá náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fi í sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti ka Risala Ibn Abi Zaid ní ilé kéwú ló kà á níbẹ̀, àmọ́ a máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé ṣe wákàfù, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ kékeré ló ṣe é fún, ó lè bá ọmọ dì í mú títí ọmọ yóò fi bálágà, ṣùgbọ́n kó fi háyà fún ẹlòmíràn, kó má gbé inú rẹ̀. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú, kò sí wákàfù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí gbèsè bá gbá a mú kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ wí pé ilé ti di ti Ọlọ́hun, ìwọ lò ń gba owó háyà, ìwọ lò ń sùn nínú yàrá tó dára jù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ. Kí ni Ọlọ́hun gbà nínú rẹ̀?

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wà ní yunifásítì tí mo rí i pé àmì kan náà ni àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wò. Ó sì yẹ ká mọ tiwọn, nítorí ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kóòtù ìjọba ni ẹjọ́ ilẹ̀ ń lọ, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa sì wà lára ohun tí kóòtù náà fi ń dájọ́. Àwọn náà ní ètò tí èèyàn fi ń fa dúkìá lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó máa mójú tó o fún àǹfààní ẹlòmíràn, trust ni wọ́n ń pè é. Àwọn onígbèsè wọn kò sì gọ̀ ju tiwa lọ. Ní 1571, nígbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá gbé dúkìá rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fi dí olówó lọ́nà, asán ni. Ní 1601, ẹjọ́ Twyne dé kóòtù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierce jẹ Twyne ní 400 pọ́n-ùn, ó tún jẹ ẹlòmíràn ní 200. Ẹni kejì yìí ti gbé e lọ sí kóòtù nígbà tó yọ́ kẹ́lẹ́ kọ gbogbo ẹrù rẹ̀, tó tó 300 pọ́n-ùn, fún Twyne. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Pierce náà ni ẹrù wà. Ó ń tà nínú rẹ̀, ó ń rẹ́ irun àgùntàn, ó ń fi àmì tirẹ̀ sàmì sí wọn lára! Àwọn adájọ́ ka àmì ẹ̀tàn sílẹ̀: ó fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ láìṣẹ́ ohun tí yóò máa lò kù, ẹrù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní àdéhùn abẹ́lẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni àmì tó kẹ́yìn: ìwé náà fúnra rẹ̀ ń pariwo pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ṣe òun. Ìwé òtítọ́ wo ló ń búra fún ara rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n mọ̀ pé ìlànà yẹn kò kú. Ó wà nínú òfin gbèsè wọn ti 1986, ní abala 423. Oníbàárà Midland Bank kan kọ ìwé ní 1987 pé ilé òun ti di ti ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin òun. Ó tì í mọ́ inú àpótí irin, ó sì ń yá owó lọ lórí ilé náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí okòwò dẹnu kọlẹ̀, tí báńkì dé, ló fa ìwé yọ. Kóòtù ní ìwé ojú lásán ni. Òfin wọn tiẹ̀ le ju tiwa lọ níbì kan. Lọ́dọ̀ tiwa, gbèsè tó ti wà nílẹ̀ ni olówó fi ń pe wákàfù padà. Lọ́dọ̀ tiwọn, bó bá hàn pé torí àtisá fún olówó ọ̀la lo ṣe gbé dúkìá pamọ́, olówó ọ̀la náà lè bá ọ fà á.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tí owó rẹ̀ pé, tó ṣe wákàfù lójú ayé, tó kó kọ́kọ́rọ́ fún alámójútó, tí gbèsè wá bá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, olówó tuntun kò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yá a lówó. Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí a kò bá mọ èyí tó ṣíwájú, gbèsè ni àbí wákàfù. Khalil sọ nínú Mukhtasar pé bó bá jẹ́ ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ló ṣe wákàfù fún, tí a kò sì mọ èyí tó ṣíwájú, wákàfù ló ṣubú. Gbèsè jẹ́ ọ̀ranyàn, sàráà jẹ́ ìfínnúfíndọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ sí ìwé wákàfù, ẹ pe ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ará ilé. Aayah tó gùn jù nínú Alùkùráánì, Suratul Baqarah aayah 282, kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló ń sọ. Ọlọ́hun kò fi gígùn yẹn ṣeré.

Ará ìta kejì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹni tó ra ilẹ̀ wákàfù láìmọ̀. Alámójútó tó jẹ́ jàgùdà ta ilẹ̀ mọ́sálásí, olùrà san owó, ó kọ́ ilé. Níbí ni òfin méjèèjì ti pínyà. Òfin trust àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ Pilcher àti Rawlins ti 1872 ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ẹni tó bá fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, tó gba ojúlówó ìwé rẹ̀, tí kò mọ̀, tí kò sì sí ohun tó yẹ kó ta á lólobó, ilẹ̀ di tirẹ̀. Kí àwọn tó ni àǹfààní lọ bá alámójútó wọn jà. Ṣùgbọ́n bó bá bá èèyàn níbẹ̀ tó ń kírun, tí kò bèèrè, kò lè ní òun kò mọ̀. Ní ti Ṣàríà, wákàfù kì í kúrò ní wákàfù nítorí àìmọ̀ ẹni tó rà á. Yóò dá a padà, yóò sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Bó bá ti kọ́lé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Khalil ni pé kó wó o, kó kó igi àti òkúta rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ yìí le fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Òtítọ́ ni, àwa aáfà kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Nítorí líle rẹ̀ gan-an ni mo fi gbà pé àwọn alámójútó tó fi ilẹ̀ wákàfù sílẹ̀ láìsí pátákó, láìsí ìwé ní ọ́fíìsì ilẹ̀, ń ṣe àìdáa sí ará ìlú.

Ó ku ẹni kẹta, oní-simẹ́ńtì. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí gba simẹ́ńtì àti irin láwìn, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ wákàfù. Ọdún kejì, wọ́n yí ìgbìmọ̀ padà. Àwọn tuntun ní àwọn kọ́ ni àwọn rà á, àwọn àtijọ́ ní àwọn kò jẹ ẹ́, mọ́sálásí ló jẹ ẹ́. Ta ni yóò san? Ọ̀rọ̀ àwọn Hanafi ló ṣe kedere jù nínú èyí: wákàfù kò ní ọrùn tí a lè gbé gbèsè kọ́. Alámójútó kò gbọdọ̀ yáwó nítorí rẹ̀ àfi fún ohun tí kò ṣeé má ṣe, bí àtúnṣe, pẹ̀lú àṣẹ adájọ́. Bó bá yá a, ọrùn tirẹ̀ ló wà, òun ni yóò san án, yóò sì gbà á padà nínú èrè wákàfù bí àṣẹ bá wà nídìí rẹ̀. Òfin trust ti Gẹ̀ẹ́sì náà gba ibẹ̀ lọ: alámójútó ni olówó yóò mú, òun ni yóò sì fi owó dúkìá náà gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ ló gbà jẹ gbèsè náà. Bí òun kò bá rí i san, olówó lè bọ́ sí ipò rẹ̀, kó gba ohun tí dúkìá náà ì bá san fún un. Bí alámójútó bá ti kọjá àṣẹ rẹ̀, olówó kò rí nǹkan gbà lára dúkìá náà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà kẹta wà. Bí mọ́sálásí bá forúkọ àwọn alámójútó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA, ti 1990 tẹ́lẹ̀, ti 2020 nísinsìnyí, wọ́n di ara kan ṣoṣo lójú òfin, tó lè ní ilẹ̀, tó lè pe ẹjọ́, tí a sì lè pè lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ara yẹn kò yí padà, gbèsè tí wọ́n bá jẹ lórúkọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mọ́sálásí tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ kò ní ara bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé àwìn ni olówó máa wá. Nítorí náà, kí oní-simẹ́ńtì má kàn kọ "Mọ́sálásí" sórí rìsíìtì. Kó tó já ẹrù sílẹ̀, kó bèèrè bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ orúkọ tó wà lórí ìwé ìjọba gẹ́lẹ́. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, kó kọ orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀.